Ojú Ewúrẹ́ Tí Ń Yọ Ìpin

Ní Ladi-Lak, ní àdúgbò Ṣómólú òun Bàrígà, kò sí pápá fún ewúrẹ́. Ẹ̀bá ògiri ni ó ń sùn. Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń ṣà jẹ. Eruku títì ń wọ̀ ọ́ lójú, eṣinṣin gọ́tà sì ń bà lé e. Ní irú ibẹ̀, ẹran kan tí ojú ń dùn lè kó o ran ti ilé mẹ́ta. Síbẹ̀ olúwa rẹ̀ a máa wí pé, "Ojú lásán ni, yóò san."

Kì í ṣe ojú lásán nígbà gbogbo. Bí ó bá ṣe eruku tàbí èèfín ni, ojú á mọ́ nígbà tí a bá mú ẹran kúrò níbẹ̀. Bí ó bá ṣe kòkòrò àìfojúrí tí eṣinṣin ń gbé kiri ni, ojú á pọ́n, ẹran á máa sá fún oòrùn, ẹyinjú á sì fẹ́ di funfun. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jùlọ ni kata, àrùn tí a kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Côte d'Ivoire ní ọdún 1942. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ìpin ní ojú, kí ó wo imú, kí ó la ẹnu ẹran náà, kí ó sì wo ìdí rẹ̀. Bí imú bá ń ṣàn, tí egbò wà ní ẹnu, tí ara gbóná, tí ẹran sì ń ṣu gbuuru, oògùn ojú kò lè gbà á là. Dókítà ẹran ni kí a pè kíákíá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kata wà. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe é. Ẹni tí ó ra ewúrẹ́ ní ọjà, tí ó sì dà á mọ́ ti ilé lọ́jọ́ náà gan-an, ìwàǹwára ni ó ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí ó fi so ó lọ́tọ̀.

Ọmọ tuntun ni ewu pọ̀ fún jù. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ yìí sábà máa ń bí ìbejì, ọmọ náà a sì kéré púpọ̀. Kò ní ohun tí yóò fi bá àrùn jà àfi èyí tí ó bá rí nínú wàrà àkọ́kọ́ ìyá rẹ̀, èyí tí ó ki tí ó sì pọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ kan ìfun rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Kí ó mu ún ní wákàtí kìn-ín-ní bí ó bá ṣeé ṣe, kí wákàtí mẹ́fà má kọjá. Èyí tí kò lè dìde, kí a gbé e sí ìdí ọmú. Kí a fi áyódíìnì pa ìwọ́ rẹ̀, kí a sì tẹ́ koríko gbígbẹ fún un. Kí a tún wo ìpéǹpéjú rẹ̀: bí etí rẹ̀ bá yí sínú, irun a máa gún ẹyinjú, a ó sì rò pé àrùn ni.

Ẹran tí ojú ń dùn, kí a so ó sí ibòòji lọ́tọ̀, kí a fi omi sísè tí ó ti tutù, tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí, nù ún, kí a sì fi ìpara ojú tí dókítà ẹran bá fún ni sí i. Ìtọ̀ àti oje ewé líle kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Kí a fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn náà, nítorí òmíràn nínú kòkòrò wọ̀nyí lè mú ojú ènìyàn.

Ẹni tí ó mọ̀ pé ẹran òun ń ṣàìsàn, tí ó sì jẹ́ kí ó máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣẹ̀ sí aládùúgbò rẹ̀. Kí ó má wí pé ẹran ni kò gbọ́ràn. Okùn kò wọ́n ní ọjà.