Bàbá Oníṣẹ́ Títì
Ọdún 1928 ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà, iṣẹ́ olówó oṣù tí ọ̀pọ̀ ń wá lójú méjèèjì nígbà náà. Nítòsí Ìkejì-Arákejì ló ti ní òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Nígbà tó fi di 1930, èrò tó wá gbọ́ ìwàásù rẹ̀ ti kún Òkè-Ooye ní Iléṣà dẹ́nu. Lónìí, àwọn oníwàásù kan á ròyìn rẹ̀ tán, wọn á ní kí ìjọ fi owó gbin irúgbìn kí mọ́tò lè wọlé. Èmi ò sọ pé mọ́tò burú o! Nínú Bíbélì, Sákéù agbowó-orí ní òun yóò fi ìdajì ohun ìní òun fún tálákà. Jésù ò béèrè ìyókù. Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́rọ̀ kan ni Jésù ní kó ta gbogbo tiẹ̀ pátá, torí, lójú tèmi, ọrọ̀ náà ló ń darí rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé owó àpò wa nìkan ni àwọn oníwàásù yìí ń béèrè lọ́wọ́ wa. Àkókò wa ńkọ́? Ọ̀nà tá a gbà rí owó ọ̀hún ńkọ́? Kò sẹ́ni tó béèrè.