Rírà Ọkọ̀ Kò Tó Títọ́jú Rẹ̀

Ẹni tí ó bí ọmọ mọ̀ pé ìnáwó kò parí ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ náà gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Ṣùgbọ́n a ṣe àkíyèsí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa, pàápàá jù lọ àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù, a máa ṣe ìṣirò iye tí wọn yóò fi ra ọkọ̀, wọn a sì gbàgbé láti ṣe ìṣirò iye tí ọkọ̀ náà yóò máa gbà lọ́wọ́ wọn fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá tí wọn yóò fi lò ó. Wọn a yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọn a gbé ọkọ̀ wálé, àwọn aládùúgbò a sì bá wọn yọ̀. Nígbà tí yóò bá fi di ọdún kejì, ọkọ̀ ti di ilé alángbá lábẹ́ igi máńgòrò, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè kò tíì tán.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ṣòro láti yé ni. Owó tí a fi ra ọkọ̀ kọ́ ni iye ọkọ̀. Iye ọkọ̀ ni owó tí a fi rà á, àti epo tí ó ń mu, àti ọ́ìlì tí a ń pààrọ̀, àti táyà, àti àwọn ẹ̀yà ara tí ń jẹ, àti owó iṣẹ́ mẹkáníìkì, àti ìwé ọkọ̀, títí di ọjọ́ tí a ó tà á. Ẹni tí kò bá ro gbogbo ìwọ̀nyí pọ̀ kò tíì mọ ohun tí ó ń rà. A sì gbà pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti oníkálukú nìkan. Ìjọba ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀, a ó sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa yóò rántí Peugeot 504. Ọdún 1968 ni àwọn ará Faransé gbé e jáde, ó sì gba oyè ọkọ̀ tí ó pegedé jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù fún ọdún 1969. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà tí owó Udoji tẹ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Dókítà ní i, ọ̀gá ilé ìwé ní i, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ní i. Nígbà tí àwọn Faransé fi ṣíwọ́ kíkọ́ ọkọ̀ yìí fún àwọn ìdílé tiwọn ní ọdún 1983, Kàdúná kò ṣíwọ́. Ó ń tò ó lọ títí kọjá ọdún 2000.

Kì í ṣe pé 504 kì í bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, ìdí rẹ̀ rọ̀ lórí gọ́tà àti kòtò, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò díjú, ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní gbogbo ọjà, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun mẹ́ta ni a rí fàyọ níbẹ̀, àwọn náà ni a sì fi ń mọ ọkọ̀ tí yóò bá ni kalẹ́ títí di òní olónìí: kí ó lágbára fún ọ̀nà tí a ń tọ̀, kí ẹ̀yà ara rẹ̀ má ṣòro í rí, kí ẹni tí yóò tún un ṣe sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹwà ọkọ̀ di ti ojú lásán.

Láti ọdún 1986 tí ìjọba ológun ti gbé ètò SAP kalẹ̀, tí náírà sì ń já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Tòkunbọ̀ ni ó gba ipò rẹ̀. Lónìí, bí olùkọ́ bá ń wá ọkọ̀ tí yóò gba tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan nínú orúkọ tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni Toyota Camry. Àwọn ará ìgboro tilẹ̀ ti fún wọn ní orúkọ àlàjẹ́: Big Daddy ni ti ọdún 2002 sí 2006, Muscle sì ni ti 2007 sí 2011. Ìdí tí wọ́n fi pọ̀ kò fara sin. Láti ọdún 1988 ni a ti ń kọ́ Camry ní Georgetown, ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń rà jù lọ fún ọdún púpọ̀. Èyí tí wọ́n bá lò tì ni ọkọ̀ ojú omi ń kó wá sí Èkó. Nítorí pé wọ́n pọ̀, ẹ̀yà ara wọn pọ̀ ní Ládípọ̀ ní Mushin àti ní Gáàtì ní Ìbàdàn, àwọn mẹkáníìkì sì ti fi ojú àti ọwọ́ mọ̀ wọ́n.

A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ọkọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n orúkọ rere kì í tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ wo Camry yìí kan náà. Ẹ́ńjìnì lítà 2.2 tí ó wà nínú àwọn tí a kọ́ láti 1992 sí 2001 ń lo bẹ́líìtì, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì náà ní nǹkan bí 96,000 kìlómítà. Ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ìgbà tí a pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ gbẹ̀yìn, ojú ọ̀nà ni yóò ti rí ìdáhùn. Láti ọdún 2002, ẹ́ńjìnì lítà 2.4 gba ipò rẹ̀. Ṣéènì ni ó ń lò, nítorí náà wàhálà bẹ́líìtì kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn dé: nínú àwọn ọkọ̀ ọdún 2007 sí 2009, ẹ́ńjìnì yìí a máa mu ọ́ìlì, nítorí àbùkù tí ó wà lára písítìnì àti rìǹgì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ ṣe ètò ní Amẹ́ríkà láti pààrọ̀ wọn fún àwọn tí ọ̀ràn náà kàn, ṣùgbọ́n ètò náà ní gbèdéke ọjọ́, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ra Muscle ní Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀ṣogbo. Kí ni kí olúwarẹ̀ ṣe? Kí ó máa fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì fi kún un nígbà tí ó bá lọ sílẹ̀. Ọ́ìlì lítà kan kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ẹ́ńjìnì.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ rà máa fi ọdún ọkọ̀ ṣe ìwádìí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà lára ọkọ̀ ní àmì 17. Nínú èyí tí a kọ́ ní Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 7 fún 2007, 8 fún 2008. Kí a má gbẹ́kẹ̀ lé kìlómítà tí ó wà lójú mítà, nítorí àwọn aláìṣòótọ́ mọ bí a ti ń yí i padà sẹ́yìn. Kí a gbé kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ sókè, kí a wò bóyá ìpẹtà àti ẹrẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí ìkún omi ti bò mọ́lẹ̀ lókè òkun a máa dé ọ̀dọ̀ wa ní kíkùn dáradára. Kí mẹkáníìkì tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò sì jẹ́ ẹni tí a fúnra wa mú lọ, kì í ṣe èyí tí oníṣòwò ọkọ̀ bá wa pè.

Nígbà tí a bá rà á tán, ìtọ́jú kù. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ní ilẹ̀ eruku àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bíi tiwa, ó yẹ kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ní nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Omi ẹ̀rọ nìkan kò yẹ inú rédíétọ̀. Ó ń mú un dípẹtà, ó sì ń tètè hó. Ẹni tí ó bá sá fún owó omi rédíétọ̀ tòótọ́ lè fi owó ìlọ́po ogún tún orí ẹ́ńjìnì ṣe. Ọ́ìlì gíà náà kì í ṣe ohun ayérayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa kì í rántí rẹ̀ títí gíà yóò fi máa yọ̀. Ní ti táyà, kí a ka òǹkà mẹ́rin tí ó wà létí rẹ̀ kí a tó sanwó: 2223 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2023 ni a ṣe é. Táyà tí ó ti gbẹ kò mọ olówó, kò mọ tálákà.

Ọ̀ràn ẹ̀yà ara ọkọ̀ wá gba àròjinlẹ̀. Mẹ́ta ni ó wà lọ́jà: èyí tí ó jẹ́ ojúlówó, èyí tí a tú láti ara ọkọ̀ òkè òkun tí a ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù, àti àyederú tí ó wà nínú páálí ẹlẹ́wà. Òtòṣì ni ó ń ra àyederú, òun náà sì ni ó ń rà á lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Bẹ́líjíọ̀mù tí ó dára sàn ju tuntun àyederú lọ, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi bíréèkì ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ìṣirò gbè é, nítorí olùkọ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ká ní olùkọ́ kan ń wa kìlómítà 45 lóòjọ́ ní àlọ àti àbọ̀, fún ọjọ́ 20 lóṣù. Kìlómítà 900 nìyẹn. Nínú ìgboro, lítà kan epo bẹntiróòlù yóò gbé Camry onílítà 2.4 lọ ní bí kìlómítà 9. Lítà 100 ni yóò sun lóṣù. Kí ìjọba tó mú owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò ju ₦200 lọ ní ilé epo ìjọba; kò ju ₦20,000 lọ fún oṣù kan. Ní ìparí ọdún 2024, lítà kan ti kan ₦1,000, ìnáwó kan náà sì di ₦100,000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Epo nìkan nìyẹn o; a kò tíì ka ọ́ìlì, a kò tíì ka ṣọ́ọ̀kì, a kò tíì san gbèsè alájẹṣẹ́kù. Náírà tí ó já láti inú oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ti gbé iye gbogbo ẹ̀yà ara tí ó ń ti òkè òkun wá sókè.

Àwọn kan yóò wí pé a fẹ́ kí olùkọ́ máa fi ẹsẹ̀ rìn títí ayé. Rárá o. Olùkọ́ yẹ ní ẹni tí í gun ọkọ̀, ó yẹ bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi eruku bò ó lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìmọ̀ràn tí a ní fún ẹni tí ó fẹ́ rà ni èyí: kí ó tó yá owó, kí ó fi oṣù mẹ́ta ṣe bí ẹni tí ó ti ní ọkọ̀. Kí ó máa yọ owó gbèsè, owó epo, àti owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí ó má sì fọwọ́ kàn án. Bí ilé bá dúró, tí owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò sì yẹ̀, kí ó lọ rà á. Bí ilé bá mì, kò pàdánù ohunkóhun. Owó oṣù mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá sì rà á má ṣe dá àpótí àtúnṣe náà dúró, ọkọ̀ ìbáà bàjẹ́ tàbí kí ó má bàjẹ́.

Ó ku ti ìjọba. Kòtò ojú ọ̀nà jẹ́ owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ọkọ̀ àti ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀kì tí ó yẹ kí ó lò ju ọdún mẹ́ta lọ a kú láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lórí 504 kò jẹ̀bi bí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ òde òní bá rú wọn lójú. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba jẹ́ kí ó di àlàpà ni kí a bi léèrè. Àyederú ẹ̀yà ara tí ó ń gba ẹnubodè kọjá kò fò wọlé, ojú àwọn tí a ń san owó oṣù fún láti ṣọ́ ẹnubodè ni ó gbà kọjá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí bọ́ọ̀sì tí ó mọ́, tí kì í pẹ́ dé bá wà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò ní torí àtidé ibi iṣẹ́ wọ gbèsè ọkọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn olùdíje bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe béèrè aṣọ àti ìrẹsì. Ẹ béèrè iye kìlómítà ọ̀nà tí wọn yóò tún ṣe, àti ọjọ́ tí wọn yóò parí rẹ̀.

Ọkọ̀ tí a ń tọ́jú a máa sin ìdílé fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a kò tọ́jú, ìdílé ni yóò máa sìn ín. Kí olúkúlùkù yan èyí tí ó wù ú, ṣùgbọ́n kí ó yàn án kí ó tó tọwọ́ bọ ìwé gbèsè.