Ariwo Alùpùpù: Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Kò sí olùkọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá títì tí kò mọ ohun tí a fẹ́ sọ lónìí. Bí ó bá la ẹnu láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ọ̀kadà kan a bú ramúramù kọjá, òun a sì dákẹ́. Kí ó tó tún la ẹnu, òmíràn a ti dé. Bí ọ̀ràn ti rí ní ilé-ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilé-ìwòsàn àti ní ilé ìyá ọlọ́mọ tuntun.

Ẹni tí ó ṣe alùpùpù mọ̀ pé ohùn ẹ́ńjìnì le. Nítorí náà ni ó ṣe fi sàlẹ́ńsà sí i, tí ó sì to páìpù oníhò wẹ́wẹ́ àti àwọn irin ìdábùú sí inú rẹ̀. Bí èéfín ti ń gba àárín wọn kọjá ni ipá rẹ̀ ń rọ̀, tí ìró tí ń lọ àti ìró tí ń padà bọ̀ sì ń pa ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà kan a máa ní kí mẹkáníìkì yọ irin inú yìí, tàbí kí ó fi èyí tí ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò dípò rẹ̀, wọ́n ní alùpùpù yóò túbọ̀ sáré. Ariwo kì í ṣe ìyára. Ọ̀nà èéfín, epo àti afẹ́fẹ́ ni a ti wọ̀n mọ́ ara wọn. Bí a bá tú ọ̀kan sílẹ̀ láì tún kábúrétọ̀ ṣe, ẹ́ńjìnì lè máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, olówó rẹ̀ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ ni ewu náà kọ́kọ́ bá. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ń tẹ̀ lé ni pé kí etí má ṣe wà nínú ariwo 85 décíbẹ́lì ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, àkókò náà di ìdajì: wákàtí 4 ní 88, wákàtí 2 ní 91. Kí ni kí a wá sọ nípa ẹni tí ó jókòó lórí ariwo láti òwúrọ̀ títí di alẹ́?

Kì í ṣe òfin ni kò sí. Láti ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ìlànà jáde lórí ìkáwọ́ ariwo. Ṣùgbọ́n ìfòfindè àti ìgbẹ́sẹ̀lé ni ojú wa ń rí jù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, wọ́n sì fi ẹ̀rọ run ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbà. Ọ̀ràn ààbò àti jàǹbá ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀, a kò sì bá wọn jiyàn lórí èyí níhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ariwo, alùpùpù tí irin inú sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti nù, irin ni kí a dá padà fún un, kí ọlọ́mọ lè máa rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò ní ẹ̀rọ tí ń wọn ariwo lọ́wọ́, bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán irú rẹ̀ wò ní Paris ní ọdún 2022, kí etí ọlọ́pàá nìkan má baà di adájọ́. Kí a fún ẹni tí ó rú òfin ní ọjọ́ díẹ̀ láti tún sàlẹ́ńsà rẹ̀ ṣe. Bí ó bá kọ̀, kí ó san owó ìtanràn.

Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú, láìyọ ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Nígbà ìpolongo ìbò, alùpùpù tí ń bú jù ni ó máa ń ṣáájú ọ̀wọ́ ọkọ̀ yín. Ẹni tí ó jí ọmọ lójú oorun, tí ó tún ń wá ìbò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ara rẹ̀. Ètò yín ni a fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnì yín.