Ta Ló Ń Kọ́ Wa Ní Ìwé Kíkà?

Lọ́jọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn tó kọjá nílé ẹ̀kọ́ tí mo ń lọ nílùú Ẹdẹ, olùkọ́ kan gba ẹ̀bùn nítorí pé wọn kì í pẹ́ dé. Òmíràn gbà á nítorí pé àwọn ló kọ́kọ́ parí iṣẹ́ sáà wọn. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa kò gba nǹkan kan. Ìbáwí ni wọ́n gbà ní sáà náà, pé nóòtù inú ìwé wa kò pọ̀ tó.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Nígbà náà, wọn kì í pe nóòtù fún wa kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹnì kan ka ìpínrọ̀ kan sókè, kí gbogbo wa pa ìwé dé, kí ẹlòmíràn sì sọ ohun tí ìpínrọ̀ náà wí. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, á kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ìpínrọ̀ mẹ́ta péré lè gba gbogbo àkókò wa. Lóòótọ́, nóòtù wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a kà yé wa.

Mo mọ ohun tí èyí ṣe fún mi. Ní SS1, mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò. Wọ́n ní kí a wá iye tí kò ju márùn-ún lọ. Èmi wá èyí tó ju márùn-ún lọ. Mo mọ ìṣirò náà, ìbéèrè ni n kò kà dáadáa. Inú kíláàsì báyọ́lọ́jì ni mo ti kọ́ bí a ti ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó di ìbéèrè mú, ìṣirò mi ló sì kọ́kọ́ jèrè rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ní Ẹdẹ, ìlú tí Ọba Adétóyèsè Láoyè, onílù pàtàkì, ti jẹ Tìmì. Ẹni tó gbọ́ dùndún tí kò mọ ohun tó ń wí, ariwo ló gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pe ọ̀rọ̀ inú ìwé gaara láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé kíkà. N kò gbà. Ìwé kẹ́mísírì kì í sọ̀rọ̀ bí ìwé ìtàn. Ẹni tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ló mọ bí a ti ń kà á. Àwọn mìíràn á ní àkókò kò sí, WAEC ń bọ̀. Ṣé WAEC ni yóò wá ka ìbéèrè rẹ̀ yé wa?

Ìtòsí wa níbí ni ẹ̀rí wà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n kọ ìwé rẹ̀ ní Yorùbá, olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí ìwé sáyẹ́ǹsì bá yé, ìwé kíkà ló ń kọ́ níbẹ̀.

Ohun tí a bá ń yẹ́ sí ló ń pọ̀. Láti 1994 ni ayé ti ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínrọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ rí, kó kà á, kó sọ ohun tó wí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé olùkọ́ wo ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ náà ni kí ẹ fún lẹ́bùn, ìbáà jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má ka ojú ewé nóòtù wa mọ́. Ẹ béèrè ohun tí a kà.

Ní báyìí, olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa ti ń pe nóòtù. Ìwé wa ti kún, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn wí mọ́. Àwa la pàdánù.