Ohùn Ilé Ẹni Kì Í Ṣe Ohun Ẹ̀sín

Ọ̀rọ̀ olórin rọ́ọ̀kì kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa náà wà nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Dolores O'Riordan. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ mọ orúkọ yẹn, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ orin rẹ̀ tó ń jẹ́ "Zombie". Kì í ṣe Zombie ti Fela o! Ti Fela jáde ní 1976, àwọn sójà ló fi ń bú. Ti Dolores jáde ní 1994, àwọn tó ń fi bọ́ǹbù pa ọmọ ọlọ́mọ ló fi bá wí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Obìnrin yìí fi ohùn abúlé rẹ̀ kọrin, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Kí ló dé tí àwa fi ń fi ohùn ilé ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé yìí?

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971 ni wọ́n bí i, ní abúlé Ballybricken, lágbègbè Limerick, lórílẹ̀-èdè Ireland. Òun ni àbíkẹ́yìn àwọn òbí rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ olówó. Òṣìṣẹ́ oko ni bàbá rẹ̀ kí jàǹbá ọ̀kadà tó sọ ọ́ di aláìlera, ìyá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ nílé ìwé. Láti kékeré ló ti ń kọrin, tó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní 1990, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó gbọ́ pé àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan ní ìlú Limerick ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn kọrin. Noel Hogan ń ta gìtá, Mike àbúrò rẹ̀ ń ta béèsì, Fergal Lawler ń lu ìlù. Noel fún un ní kásẹ́ẹ̀tì orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Dolores gbé e lọ sílé, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó sì gbé e padà wá. Orin yẹn ló di "Linger". Ẹgbẹ́ wọn wá ń jẹ́ The Cranberries. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1993, èkejì ní 1994, wọ́n sì tà ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù.

Ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ olórin rọ́ọ̀kì, níbi yòówù kí wọ́n ti wá, ló máa ń kọrin bí ará Amẹ́ríkà. Dolores kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ní Limerick ló ṣe pè é nínú orin. Ohùn rẹ̀ á máa ṣẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, débi pé àwọn èèyàn fi wé ẹkún tí àwọn obìnrin Ireland àtijọ́ máa ń sun níbi òkú.

Ohùn yẹn níṣẹ́ tó ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 1993, bọ́ǹbù ẹgbẹ́ IRA bú ní ìlú Warrington, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pa ọmọ méjì: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 3, èkejì ọmọ ọdún 12. Àwọn IRA ní torí Ireland làwọn ṣe ń jà. Dolores, ọmọ Ireland, kọ "Zombie" láti fi sọ pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ òun nínú. Ká ní ó yá ohùn ẹlòmíràn ni, wọn ì bá ní àlejò ló ń dá sí ọ̀rọ̀ onílé. Ṣùgbọ́n ohùn ilé ló fi bá ará ilé wí, kò sì sẹ́ni tó lè ní kò mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó fi máa di 2020, iye ìgbà tí wọ́n ti wo fídíò orin yìí lórí YouTube ti kọjá bílíọ̀nù kan.

Mi ò ní ká fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe o. Òkìkí kò ní kí wàhálà má dé. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2018 ló kú ní London, lẹ́ni ọdún 46. Ó ti mutí yó, ó sì rì sínú omi nínú báàfù. Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ ó ti gba ohùn sílẹ̀ fún àwo tuntun, àwọn mẹ́ta tó kù sì fi ohùn náà parí iṣẹ́, wọ́n gbé àwo yẹn jáde ní 2019, wọ́n sì fòpin sí ẹgbẹ́ náà. Wọn ò wá ohùn mìíràn dípò rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní ọdọọdún, níbi ayẹyẹ ìparí ọdún wa, ẹni tó bá ti ń sọ fonẹ́ ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tí H bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí ẹnu Èkìtì tàbí ti Ìbàdàn bá hàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín la fi ń lé e sọ̀kalẹ̀. Ọmọ kíláàsì wa kan wà tó mọ orin kọ ju gbogbo wa lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín, kò kọrin ní gbangba mọ́. Ta ló wá pàdánù níbẹ̀? Àwa náà ni.

Ẹlòmíràn á ní, "Oral English ńkọ́?" Òótọ́ ni, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ìdánwò WAEC ń bọ̀. Àmọ́ ká pe ọ̀rọ̀ kó yé èèyàn yàtọ̀ sí ká máa fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù. Ta ló máa ní kí Ẹ̀gbá má fi ẹnu Ẹ̀gbá dá ègè? Elemure Ogunyemi fi ẹnu Èkìtì kọrin, àwọn tí kì í ṣe Èkìtì sì jó o.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju méjì lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń ṣe adájọ́ ìdíje, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún orin àti ọ̀rọ̀ ní máàkì, ẹ má fún fonẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹnì kan bá gorí pèpéle lọ́dún yìí tí ohùn ilé rẹ̀ bá jáde, ẹ pa ẹnu mọ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.