Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Ní Ó Ti Kú: Lẹ́tà sí Àwọn Tó Ń Tún Mọ́tò Háíbíríìdì Ṣe láti Lẹ́kkí dé Ajah

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin réwáyà, ẹ̀yin tí ẹ ń rọ gáàsì ẹ́síì láti Ìkátẹ̀ títí dé Ṣàngótẹ̀dó, mo mọ̀ pé abẹ́ mọ́tò kì í ṣe ibi ìgbádùn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti yọ mí nínú wàhálà lóru nígbà tí mọ́tò dá mi dúró lójú títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, n kò sì gbàgbé oore. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, nítorí èmi nìkan kọ́ ló ń jìyà rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Camry háíbíríìdì mi, tòkunbọ̀ ọdún 2008, kọ̀, kò ṣí. Mo tẹ bọ́tìnnì, àmì pupa àti àmì yẹ́lò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, iná wọn ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n READY kò jáde. Mo pe mẹkáníìkì kan tí wọ́n júwe fún mi. Ó dé, ó jókòó síbi ìwakọ̀, ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó mirí. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò ṣí búùtù, kò fi mítà kan ibi kankan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì háíbíríìdì yín ti lọ. Ó ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù." Owó tó pè tó owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ méjì fún sáà kan. Ó tún fún mi ní ọ̀nà kejì: kí a tú gbogbo háíbíríìdì náà dànù, kí a gbé ẹ́ńjìnnì àti gíà Camry lásán sí i. Ó ní màá sinmi.

Àbúrò ìyàwó mi ń ṣe iṣẹ́ sólà. Ó yà sílé wa lálẹ́ ọjọ́ náà, mítà rẹ̀ wà nínú àpò. Ó ṣí búùtù, ó fi ẹnu wáyà méjèèjì kan bátìrì kékeré tó wà níbẹ̀, bátìrì fóòtì 12 tí kò yàtọ̀ sí ti mọ́tò yòókù. Mítà ka 9 àti díẹ̀. A pààrọ̀ bátìrì kékeré yẹn lọ́jọ́ kejì, READY jáde, mo sì wa mọ́tò mi lọ sí ibi iṣẹ́. Bátìrì ńlá tí wọ́n fẹ́ bá mi sin láàyè ṣì ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí ibí yìí ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò háíbíríìdì Toyota bíi Camry àti Prius kò ní kíkì sítátà, kò sì ní alternator. Bátìrì kékeré yẹn ló ń jí kọ̀ǹpútà inú mọ́tò dìde, òun ló sì ń ti ìlẹ̀kùn tí iná bátìrì ńlá ń gbà jáde ṣí. Bí ó bá rẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa sọ kántankàntan, gbogbo àmì á tàn. Mo ti rí réwáyà kan tó fi ọjọ́ méjì gbáko wá alternator nínú Prius. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. Èmi kò ní bú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bá a jà fún ni pé kò sọ pé "n kò mọ èyí."

Ẹ sì mọ̀ pé háíbíríìdì kì í ṣe mọ́tò olówó nìkan mọ́ ní àgbègbè wa. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bíi 185 náírà di 488 ní Èkó kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti súnmọ́ 1,000. Ẹni tó ń gbé Ṣàngótẹ̀dó tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, tó ń fi wákàtí méjì jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Jákàńdè, kí ni kò ní rò? Mọ́tò tó ń pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tó ń fi agbára bíréèkì gba iná padà, irú súnkẹrẹ wa gan-an ló yẹ ẹ́. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ kábù, gbogbo wọn ló ń kó owó jọ báyìí ra Prius, Camry, Highlander. Owó ọdún mẹ́ta ni ẹlòmíràn ń gbé síwájú yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ bátìrì ńlá náà fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, jẹ́ 28 nínú ọ̀pọ̀ Prius, ó jẹ́ 34 nínú Camry bíi tèmi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 7.2, ìdí nìyẹn tí àpapọ̀ ti Prius fi jẹ́ 201.6, tí ti Camry jẹ́ 244.8. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n so wọ́n sí, bí àwọn ọmọ bíríkìlà tó ń ju búlọ́ọ̀kù láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá rọ, iṣẹ́ gbogbo wọn dúró. Àṣà tó gbòde báyìí ni pé kí ẹ ṣí i, kí ẹ wá èyí tó kú, kí ẹ lọ mú òmíràn ní ọjà Ládípọ̀ láti ara bátìrì mọ́tò tó ti ní ìjàǹbá, kí ẹ rọ̀ ọ́ sí i, kí ẹ pa àmì rẹ́, kí ẹ gba owó. Lẹ́yìn oṣù méjì, sẹ́ẹ̀lì mìíràn á kú. Oníbàárà á padà wá, ẹ ó tún gba owó. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, á gba pé háíbíríìdì kò dára, á sì tà á ní ìtàkutà.

Ẹ ti fi alágbára kan sáàárín arúgbó 33, ẹ wá ń retí kí wọ́n jọ sáré. Fóòtì tí mítà kà lórí tábìlì kò tó láti dájọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti rẹ̀ lè ka fóòtì tó dára lórí ìdúró, kí ó sì wó lulẹ̀ nígbà tí ẹrù bá gùn ún. Ẹ mú gílóòbù iná iwájú mọ́tò, ẹ so ó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ wo bí fóòtì ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo 34. Ẹ yọ gbogbo àwọn tó jìn sí ẹgbẹ́ wọn, ẹ má yọ ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ẹ tó to wọ́n padà, ẹ gba iná sí gbogbo wọn kí wọ́n dọ́gba. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni, kì í ṣe ti wákàtí kan. Ẹ pe owó ọjọ́ mẹ́ta, màá san án.

Nígbà tí skánà bá sì kọ P0A80, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ikú. Ìyàtọ̀ ló ń sọ pé ó ti wọ àárín apá kan bátìrì àti apá kejì. Afẹ́fẹ́ wa ní etí òkun yìí kún fún iyọ̀. Ẹ wo irin bàbà tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì pọ̀: ẹ ó rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀ bí èyí tó máa ń gun etí páìpù. Ìpẹtà yẹn nìkan tó láti da ìwọ̀n rú. Mo ti rí bátìrì tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti ìwé yanrìn wò sàn.

Kí ló tilẹ̀ ń pa bátìrì náà? Ooru ni. Fẹ́ẹ̀nù kan wà tó ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú mọ́tò lọ sí ara rẹ̀. Nínú Prius, ihò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí àwa onímọ́tò ń ju báàgì àti aṣọ lé. Nígbà tí mo tú fẹ́ẹ̀nù Camry tèmi, ojú abẹ́ rẹ̀ kò hàn mọ́. Eruku, irun ajá, fọ́nrán kápẹ́ẹ̀tì àti yanrìn etí òkun ti lẹ̀ mọ́ ara wọn bí òwú ìrọ̀rí àtijọ́. Mo fi ìka fà á, ó ká jáde lódindi. Mọ́tò yìí ti wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin kí ó tó dọ́dọ̀ ìka mi. Ìgbà wo ni ẹ gbẹ̀yìn ṣí fẹ́ẹ̀nù yìí nígbà tí a bá gbé mọ́tò wá fún sáfíìsì? Ẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ ń pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, ẹ ń fi páìpù afẹ́fẹ́ fẹ eruku kúrò níbi gbogbo, ẹ ò dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kúláǹtì ńkọ́? Rọ́bà kúláǹtì méjì ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún ínfátà. Mo ti rí i tí ọmọ iṣẹ́ fi kẹ́tùrù bu omi bóhò kún ti ínfátà. Omi bóhò Ajah! Omi tó ń sọ aṣọ funfun di pupa rúsúrúsú, tí iyọ̀ ń dùn lẹ́nu rẹ̀, òun ni a dà sí ojú ọ̀nà tóóró tí ó yẹ kó tu ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó gbówó lórí nínú mọ́tò náà lára. Ìgò kúláǹtì aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí Toyota ní kí a lò wà lọ́jà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni thermostat tí ẹ ń yọ jù sọnù nítorí pé "ilẹ̀ wa gbóná." Ẹ́ńjìnnì háíbíríìdì kò ní gbà láti kú títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Bí ẹ bá yọ thermostat, á pẹ́ kó tó gbóná, á máa jó epo níbi tó yẹ kó sinmi. Oníbàárà á ní mọ́tò náà ti ń mu epo, ẹ ó sì ní bátìrì ni.

Ẹ̀yin onígáàsì ẹ́síì, iná bátìrì ńlá ló ń yí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò yìí, kò sí béèlì. Ọ́ìlì tí ẹ ń rọ sínú Corolla ń jẹ́ kí iná jò sí ara irin. Ọ́ìlì tí a ń pè ní ND-11 ni tirẹ̀. Ìwọ̀nba èyí tí kò yẹ lè jẹ́ kí mọ́tò kọ P0AA6, kí ó sì kọ̀ láti ṣí.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an kì í ṣe owó. Lẹ́yìn òjò kan, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ẹ́sítéètì Abraham Adéṣànyà ní Ajah. Ọmọ kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọdún 16 lọ. Sílípáàsì ló wọ̀, ó dúró nínú ọ̀gọ̀dọ̀, ó tẹrí ba sínú búùtù Highlander, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí wáyà aláwọ̀ ọsàn, ó ń fà á. Kò sí ìbọ̀wọ́. Púlọ́ọ̀gì tó ń gé iná náà ṣì wà ní ipò rẹ̀. Mo pariwo. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé mọ́tò náà ti kú.

Ẹ̀yin ọ̀gá, bátìrì Highlander yẹn jẹ́ fóòtì 288. Ti ilé wa, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, jẹ́ nǹkan bíi 230. Ínfátà Camry tèmi lè gbé e dé 650. Àwọ̀ ọsàn tó wà lára wáyà yẹn, ìkìlọ̀ ni wọ́n fi kùn ún. Ẹ pa mọ́tò, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, ẹ tú bátìrì kékeré, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún fóòtì 1,000, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì náà sí àpò yín, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 kí iná tó kù nínú ínfátà tán, ẹ tún fi mítà wò ó. Bí mọ́tò bá sì wọ omi bíi ti àkúnya omi oṣù Keje 2017 àti ti oṣù Keje 2024, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ "kí a wò ó." Ìyá ló bí ọmọ tí ẹ ń rán síbẹ̀, ẹ̀yin ló sì fà á lé lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta mọ́tò, ẹ̀yin náà ní ẹjọ́. Ẹ ń pa àmì rẹ́ láàárọ̀ kí oníbàárà tó dé lọ́sàn-án. Skánà tó dára máa ń sọ iye kìlómítà tí mọ́tò ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa àmì rẹ́. A ti ń kọ́ bí a ṣe ń kà á. Ní 2014, Toyota pe Prius tó tó 1,900,000 padà káàkiri ayé nítorí ínfátà, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ yín sì wà nínú àwọn ọdún tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀fẹ́ ni àjọ NHTSA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń jẹ́ kí èèyàn tẹ nọ́ńbà VIN wò bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó pe iye.

Àwa onímọ́tò pàápàá kò mọ́ tán. À ń ti gíà sí níútírà nínú súnkẹrẹ, níbi tí mọ́tò náà kò ti lè gba iná sí bátìrì rẹ̀; P ló yẹ. À ń wa mọ́tò títí epo á fi gbẹ. A sì ń yọwó iṣẹ́ yín títí tí àyẹ̀wò fi di ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́ san owó rẹ̀. Mo gbà. LASTVEB, tó ń mójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ìjọba Èkó, àti NADDC, àjọ ìdàgbàsókè ọkọ̀ ní Àbújá náà, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín: ẹ mú ẹ̀kọ́ háíbíríìdì wá bá àwọn èèyàn yìí ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ní èdè wọn.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn Abraham Adéṣànyà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo mú ìbọ̀wọ́ kan àti mítà kan lọ́wọ́. Ọmọ náà wọ ìbọ̀wọ́, ó tóbi jù fún un díẹ̀, ó ń nà án ní ìka. Ó bi mí pé ibo ni èèyàn ń kọ́kọ́ gbé ẹnu wáyà mítà sí. Bí mo ṣe ń fi hàn án, ọ̀gá rẹ̀ gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró tì wá.