PÁPÁ KÌ Í ṢE ILẸ̀ ÒFÌFO

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Ewì lẹ mọ̀ mí mọ́, ṣùgbọ́n èyí ò gba ewì. Bí mo bá fi ewì gbé e kalẹ̀, ẹ ó ní ó dùn, ẹ ó pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ó sì parí síbẹ̀.

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, à ń jíròrò ibi tí a ó ti lọ ṣe fàájì ìparí sáà. Ọ̀kan nínú wa ní kò síbi eré kankan ní Ìbàdàn, pé àfi ká háyà bọ́ọ̀sì lọ sétí òkun l'Ékòó. Òmíràn ní ti ìlú ṣì dáa, pé ti abúlé ńkọ́? Ó ní kí lèèyàn fẹ́ lọ ṣe ní Ẹ̀rúnmú, àbí kó lọ máa wo ewúrẹ́ ni? Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ẹ̀rúnmú ni mí, mo sì bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi jókòó tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Ìbàdàn. Ta ló ní kò síbi eré? Ṣé ẹ ti gun Òkè Àrẹ̀ rí? Ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1936 ní ìrántí Bower, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́, ṣì dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn rẹ̀ débi tó parí, páànù Ìbàdàn ni yóò máa wò títí ojú fi máa rẹ̀ ẹ́. Ọgbà Agodi ńkọ́? Omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 bà á jẹ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ọgbà ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Adágún omi Aṣéjìrè wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti dí Odò Ọ̀ṣun. Igbó ńlá wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ibẹ̀ sì làwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ wíwò máa ń lọ.

Ẹyẹ kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa káàkiri ayé. Ibadan Malimbe ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ pupa fòò. Ọdún 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò sì síbòmíràn tí wọ́n ti ń rí i láyé yìí àyàfi apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Mélòó nínú wa ló ti rí i rí? Èmi alára ò tíì rí i. Inú igbó ló ń gbé, igbó ọ̀hún la sì ń tà.

Tó bá jẹ́ eré ìdárayá lẹ ń bi mí, ẹ lọ wo pápá ìṣeré Liberty. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣí i, ní 2010 ni wọ́n wá fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti lu Gene Fullmer ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, tí ará Amẹ́ríkà náà kò lè dìde fún ìpele kẹjọ. Ọmọ Ìgbò tó ń tajà ní Aba ni Tiger kó tó di ìlú-mọ̀ọ́ká. Shooting Stars tiwa náà gba ife Áfíríkà ní 1976, wọ́n sì gba ife CAF ní 1992. Kí lẹ tún fẹ́?

Nítorí náà, irọ́ ni pé kò síbi eré. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀. Púpọ̀ nínú ibi tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí ló ní géètì, géètì sì ní ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ sì fẹ́ rí tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé àṣẹ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà ní Ẹ̀rúnmú, ta ni yóò fún un lówó mọ́tò dé Ìwó Road, tí yóò tún fún un ní ti Agodi, tí yóò wá fún un ní ti ẹnu géètì? Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń wá owó gààrí! Ibi eré tí ọmọ yẹn ní láyé, pápá tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ni.

Mo mọ pápá kan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa ló wà. Ibẹ̀ ni mo ti gbá fẹ̀lẹ̀lẹ̀ títí èékánná ẹsẹ̀ mi fi ṣí. Búlọ́ọ̀kù méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, mọ́nkí pósì ti délẹ̀ nìyẹn. Ẹni bá jẹ góòlù kan ó bọ́ síta, kí ẹgbẹ́ mìíràn wọlé. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn tó dàgbà jù wá lọ á máa jàkadì, àwa kékeré á máa ṣe bojúbojú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí àpáta, làwọn ìyá wa ń sá láfún sí. Ọjọ́ Iléyá, ibẹ̀ là ń kírun. Bí wọ́n bá ń gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ń ta àtíbàbà sí. Ẹ wá sọ fún mi, ilẹ̀ tó ń ṣe gbogbo èyí, ṣé ilẹ̀ òfìfo ni?

Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn tó gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wá pè é nìyẹn. Wọ́n ní ilẹ̀ òfìfo ni, pé kò sí iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n ri òpó kọnkéré kéékèèké mọ́ ọn, wọ́n gé e sí púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Ní báyìí, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ògiri ti yọ níbi tí góòlù wa máa ń wà.

Ibi tó ti kàn mí gan-an rèé, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Púlọ́ọ̀tì méjì nínú rẹ̀, ti ìdílé wa ni. Ọdún tí mo wọlé síbí ni bàbá mi tà á. Owó tí mo san kí wọ́n tó kọ orúkọ mi sílẹ̀, ara rẹ̀ ló ti jáde. Nígbà tí mo délé tí mo bá ògiri níbẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ ti ta pápá." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé orí pápá lo fẹ́ ti kàwé ni?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Títí dòní mi ò tíì rí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń dá àwọn tó tà á lẹ́jọ́ láti orí òkè. Èmi náà jẹ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ níbẹ̀ ló mọ bó ṣe korò tó.

Àwọn kan á ní ìdàgbàsókè ni, pé ilé ló yẹ kó dé. Ta ló ní kílé má dé? Mo ní kílé dé, kó bá pápá níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà pé kó máa bójú tó o fún gbogbo aráàlú, ọmọdé sì wà lára aráàlú. Bí wọ́n bá lè ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pín ilẹ̀, wọ́n lè ya pápá náà sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn á ní eré ò kún àpò. Ó dáa. Ẹni tí kò bá rí ibi sáré nígbà ọmọdé, tó dàgbà tán tí kò ní ju ìta ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ lọ tí yóò jókòó sí, ṣé ìyẹn ló kún àpò? Àwọn tó sì ní ká lọ sí Agodi, mo ti dá wọn lóhùn. Adámásìngbà kọ́ lẹnikẹ́ni ti ń kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìnkùlé ni.

Kí ni mo wá fẹ́ ká ṣe? Ohun mẹ́ta péré. Èkíní, kí olúkúlùkù wa tó ń lọ sílé nísinmi béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀ àti àwọn àgbà ìdílé rẹ̀: pápá wo ló kù, ta ló ni í, ṣé ó wà nínú àwòrán ilẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ní láti ké kí àgbà tó gbọ́. Èkejì, kí á gbin igi yí èyí tó kù ká, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lè rí i pé ó ní olówó orí. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká fi etí òkun Èkó sílẹ̀ lọ́dún yìí. Owó bọ́ọ̀sì yẹn tó wa lọ tó wa bọ̀ ní Òkè Àrẹ̀, á sì ṣẹ́ kù.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Òní ni ìdajì, ọ̀la ńkọ́? Mi ò lè san owó púlọ́ọ̀tì méjì padà, kò sì sẹ́ni tó lè wó ògiri yẹn. Ṣùgbọ́n ìdajì ṣì wà níbẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú ìsinmi wa, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá wà lórí ìdajì náà ní Ẹ̀rúnmú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa bọ̀. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ bá mi mú fẹ̀lẹ̀lẹ̀ kan dání.